Wáyà Méje Lórí Tábìlì Aránṣọ

Ìyá Aránṣọ ni àwọn oníbàárà ń pe ìyàwó mi. Èmi ń pè é ní Ìyá wọn, torí ọmọ mẹ́rin ló bí fún mi. Wọ́n ti lọ sílé ara wọn báyìí, ilé wá ku àwa méjì, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta, àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti àbígbẹ̀yìn wa lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣọ́ sítọ́ọ̀ nílé iṣẹ́ kan kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá ṣọ́ sítọ́ọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí yóò rí tí kò ní béèrè pé èló ni. Ìyàwó mi ní lọ́jọ́ tí mo bá dé ọ̀run, n ó kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn ẹnubodè.

Òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pàápàá bó bá ń ṣiṣẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá wà láàárín ètè rẹ̀, “ùn-ùn” ni yóò máa dá ènìyàn lóhùn. “Ùn-ùn” kan wà tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òmíràn wà tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó gbà mí tó ọdún mẹ́wàá kí n tó mọ̀ wọ́n yàtọ̀, aṣọ méjì tí n kò fẹ́ ni mo sì ti wọ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ìka ló fi ń ríran. Yóò fọwọ́ kan aṣọ lẹ́ẹ̀kan, yóò ní, “Èyí yóò sún kì bí wọ́n bá fọ̀ ọ́,” bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì rí.

Ilé ìwòsàn ńlá tó wà lójú títì ni oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù. Òun ló ń rán aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì wọn. Nínú aṣọ mẹ́wàá tó bá rán lọ́dún, mẹ́fà jẹ́ tiwọn. Bó bá lọ síbẹ̀, yóò kọ́kọ́ gba aṣọ ní sítọ́ọ̀ wọn, yóò kó o sẹ́yìn ọkọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá gun òkè lọ láti yàrá dé yàrá, tí yóò máa wọn nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Oṣù tó kọjá, ibi tó ti ń wọ̀n wọ́n lọ́wọ́ lókè ni ẹnìkan ti ṣí ọkọ̀ náà nísàlẹ̀, tó gbé aṣọ nọ́ọ̀sì méjìlá lọ. Kò fọ́ gíláàsì, kò bá ilẹ̀kùn jẹ́. Ó ṣí i bí ẹni ṣí àpótí ìyá rẹ̀.

Owó ara wa la fi ra òmíràn dípò. Ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, sọ ló bà wá lẹ́rù jù. Obìnrin náà kì í pariwo. Ó rọra sọ ọ́ ni.

“Ìyá Aránṣọ, mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n aṣọ ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe aṣọ mi. Ẹ lọ fi àláàmù sí ọkọ̀ yín. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, aṣọ ogójì nọ́ọ̀sì wà nílẹ̀. Bí mo bá fi etí ara mi gbọ́ àláàmù náà, ẹ ó kó o. Bí n kò bá gbọ́ ọ, àwọn aránṣọ mìíràn pọ̀ tó ń bẹ̀ mí.”

A ra àláàmù. Ó wà nínú páálí, ó dùn ún wò. Ẹni tí yóò fi í sí ọkọ̀ ni kò sí. Rewáyà kan wà ládùúgbò wa, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Mò-ń-Bọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ lórí fóònù nìyẹn. A pè é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. “Bàbá, mò ń bọ̀.” A pè é lọ́jọ́bọ̀. “Mò ń bọ̀ báyìí, bàtà ni mò ń wọ̀.” Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní òun ti wà lójú ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìkángun òpópónà wa. Ọgọ́jọ ìṣísẹ̀ ni láti ẹnu ọ̀nà mi, mo ti kà á rí.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyàwó mi gbé páálí náà sórí tábìlì tó ti ń gé aṣọ, ó sì fi ọ̀bẹ tú u.

“Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká ṣe é fúnra wa.”

“Àwa wo?”

“Èmi ni. Kí ẹ̀yin bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú.”

Mo ṣírò rẹ̀. Owó iṣẹ́ tí Mò-ń-Bọ̀ pè kò kéré sí ìdajì owó tí a fi ra ẹ̀rọ náà. Bó bá ṣeé ṣe, a jèrè. Bí kò bá ṣeé ṣe, a ó ra òmíràn, a ó tún sanwó fún Mò-ń-Bọ̀ kó tú ohun tí a bá so. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo wo ìwé tó bá àláàmù náà wá, tí lẹ́tà inú rẹ̀ rí bí ẹyin èèrùn, mo sì lọ wá tọ́ọ̀ṣì.

Wáyà méje ló jáde lára àpótí àláàmù náà. Ìyàwó mi tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Dúdú yóò lọ sára irin ọkọ̀, ọ̀kan yóò lọ síwájú níbi fèrè tó ń pariwo. Márùn-ún tó kù ni a óò so mọ́ wáyà ọkọ̀ lábẹ́ sitíárín: èyí tí iná ń gbà láti bátìrì wá, èyí tó ń mọ̀ bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, méjì fún iná tó ń ṣẹ́jú lọ́tùn-ún àti lósì, àti ọ̀kan tó ń mọ̀ bí ilẹ̀kùn bá ṣí.

Ọ̀kan nínú wọn gùn jù. Mo na ọwọ́ sí àlùmọ́gàjí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n gé e kúrú. Bí ẹni iná jó ló ṣe gbá ọwọ́ mi mú.

“Bàbá wọn! Ṣé ìjà lẹ fẹ́ bá mi jà ni? Àlùmọ́gàjí aṣọ!”

“Wáyà tín-ín-rín yìí?”

“Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń lo àlùmọ́gàjí yìí. Ìwé lásán kò kàn án rí, ká má tíì sọ wáyà. Bó bá kán yín lójú, ẹ fi eyín yín gé e.”

“Àwọn tó kù lẹ́nu mi wọ́n ju àlùmọ́gàjí lọ.”

“Ẹ lọ mú ọ̀bẹ nílé ìdáná nígbà náà.”

Mo lọ mú ọ̀bẹ.

Lábẹ́ sitíárín, a tú ìbòrí kan tí nọ́ọ̀tì mẹ́ta dì mú. Wáyà ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀ bí irun orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, àwọ̀ wọn kò sì bá ti inú ìwé mu rárá. Bọ́ọ̀bù iná kékeré kan tó ní wáyà méjì la fi wá wọn. Bí mo bá yí iná òsì, wáyà tí bọ́ọ̀bù náà bá ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀ ni tòsì. Bí a bá ti rí ọ̀kan, ìyàwó mi yóò so àjákù aṣọ mọ́ ọn, yóò sì so irú àjákù kan náà mọ́ ìkejì rẹ̀ lára àláàmù. Àǹkárá pupa lọ pẹ̀lú àǹkárá pupa, aláwọ̀ búlúù pẹ̀lú aláwọ̀ búlúù. Ó ní òun kò lè máa rántí àwọ̀ wáyà, ṣùgbọ́n òun mọ aṣọ tí òun bá gé.

Lẹ́yìn náà ni mo fi sípánà tú orí bátìrì, kí iná má baà sí nínú wáyà kankan. Ìyàwó mi fi abẹ bó èèpo wáyà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n èékánná kan péré, kò gé ọ̀kan kúrò. Ó mú abẹ́rẹ́ ńlá, ó fi la irun wáyà náà, ìyẹn àwọn irin tín-ín-rín inú rẹ̀, sí méjì, ó ki irun wáyà àláàmù gba àárín rẹ̀, ó wé e yíká lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó fi téèpù dúdú dì í. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe márààrún, gbogbo rẹ̀ ní ojú kan náà, lórí ìlà kan ṣoṣo. Nígbà tó parí, ó fà sẹ́yìn kí n lè rí i.

“Ó tò, àbí kò tò?”

“Ó tò gan-an. Bí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì.”

Mo dá orí bátìrì padà. Ó tẹ rìmóòtù. Fèrè dún “pí”, iná ọ̀tún àti tòsì ṣẹ́jú. A dúró, kò sí ariwo. Mo wá ṣí ilẹ̀kùn láìtẹ rìmóòtù, ariwo bẹ́ sílẹ̀ débi pé Tíṣà, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì, yọrí lókè ògiri.

“Ẹ kú orí ire o! Ṣé kí n sá jáde ni àbí kí n sá wọlé?”

“Ẹ jókòó sílé yín, Tíṣà,” ni ìyàwó mi wí. Inú rẹ̀ dùn. Mo mọ̀ ọ́n nítorí ó ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ.

A dá ìbòrí náà padà, mo dì í le pẹ̀lú nọ́ọ̀tì mẹ́ta. Ó tún tẹ rìmóòtù. “Pí.” Kí a tó ka ẹ̀ta, ariwo ta. Ó pa á, ó tún un tẹ̀, ariwo tún ta. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń sọ ni pé ilẹ̀kùn kan ṣí. Mo yí ọkọ̀ náà ká, mo gbá ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa, mo gbá búùtù pa, mo tún jókòó lé e lórí. Ariwo ni ṣáá.

Tíṣà yọrí padà. “Ìyá Aránṣọ, ẹ bẹ olè tó wà nínú ọkọ̀ yín kó jáde, kí àwa náà lè sun oorun ọ̀sán.”

Lórí ariwo yìí ni Mò-ń-Bọ̀ dé, tòun ti àpò irin-iṣẹ́ léjìká.

“Màmá, Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣebí mo ní mò ń bọ̀.”

“Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun?” ni mo bi í.

“Ọ̀nà ló jìn, Bàbá.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fetí sí i bí dókítà tó ń gbọ́ àyà ọmọdé, ó sì mi orí. “Màmá, ọpọlọ rẹ̀ ti jóná. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí bí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ bá fọwọ́ kàn án. Wáyà kì í ṣe òwú, ẹ jàre. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ṣe é, mo ní ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ rárá, màá ti fi sí i kí ilẹ̀ tó ṣú.” Ó wá pe iye rẹ̀.

Mo tún ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la wà, Ajé kù sí dẹ̀dẹ̀. Iṣẹ́ ogójì nọ́ọ̀sì kọ́ ni yóò bọ́ lọ́wọ́ wa nìkan, gbogbo iṣẹ́ ilé ìwòsàn náà ni, tọdún yìí àti èyí tó ń bọ̀. Bí mo bá fi méjèèjì lé ìwọ̀n, owó àláàmù kejì ló fúyẹ́. Mo ti ki ọwọ́ bọ àpò nígbà tí ìyàwó mi sọ̀rọ̀.

“Bàbá wọn, ẹ yọ ọwọ́ yín lápò.”

“Ìyá wọn, ọjọ́ Ajé...”

“Mo mọ ọjọ́ Ajé. Ẹ yọ ọ́.” Ó kọjú sí Mò-ń-Bọ̀. “Nígbà tí a kò tíì dé ìbòrí, ó ń ṣiṣẹ́.”

“Ó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó kú, Màmá.”

“Ó dáa.” Ó tú ìbòrí náà, ó tẹ rìmóòtù. “Pí.” Kẹ́kẹ́ pa. Ó dé ìbòrí, ó tẹ̀ ẹ́, ariwo. Ó tún tú u, kẹ́kẹ́ pa. Ó dé e, ariwo. Ó wo ọmọkùnrin náà. “Ọpọlọ tó jóná yìí, ṣé ó máa ń wò bóyá a ti dé ìbòrí kó tó ya wèrè ni?”

Mò-ń-Bọ̀ fọwọ́ nu imú. Tíṣà rẹ́rìn-ín lórí ògiri.

Ìyàwó mi kò béèrè tọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ sitíárín, ó di ojú, ó ń fi ìka tẹ̀lé àwọn oríkèé tó so. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ti ń ro iye tí mo lè ní kí Mò-ń-Bọ̀ yọ kúrò nínú owó rẹ̀.

“Ó ga,” ni ó wí.

“Kí ló ga?”

“Ibí yìí. Ó ga bíi kọ́là tí wọn kò gé inú rẹ̀.” Ó yọ ọwọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. “Ẹ wo èmi arúgbó yìí o. Bí èèyàn bá rán kọ́là, ìṣẹ́po aṣọ mẹ́rin ló máa ń wà létí rẹ̀. Bí o bá jẹ́ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pin sójú kan, lọ́jọ́ tí o bá yí i síta, yóò wú bí ẹni oyin ta lọ́rùn. O ní láti gé ọ̀kan kúrú ju ìkejì lọ, kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ látọjọ́ kìn-ín-ní nìyẹn. Mo wá dé ìdí wáyà, mo kó oríkèé márùn-ún jọ sójú kan ṣoṣo, torí kó lè tò!”

Mò-ń-Bọ̀ gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó wọ abẹ́ sitíárín. Nígbà tó jáde, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

“Òótọ́ ni Màmá sọ. Ìbòrí yẹn ń fún wọn pọ̀ mọ́ra. Irun wáyà ilẹ̀kùn ti gún téèpù já, ó ń kan wáyà iná òsì. Wáyà iná yẹn, bí kò bá tíì tàn, inú bọ́ọ̀bù ló máa ń gbà lọ bá irin ọkọ̀. Ohun tí wáyà ilẹ̀kùn náà máa ń ṣe nìyẹn bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Àláàmù yín kò ya wèrè. Wọ́n parọ́ fún un ni.”

“Ọpọlọ rẹ̀ ńkọ́?” ni mo bi í.

“Ó pé, Bàbá.”

“Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ ńkọ́?”

“Yóò dúró de ẹlòmíràn.”

Mo tú orí bátìrì lẹ́ẹ̀kejì. Ìyàwó mi tú gbogbo rẹ̀, ó fi téèpù dí ojú ibi tó ti bó tẹ́lẹ̀, ó wá bó wọn lákọ̀tun. Èkíní wà lókè pátápátá, èkejì sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n àtàǹpàkò méjì, ẹ̀kẹta tún sọ̀ ju ìyẹn lọ, títí dé ìkarùn-ún. Kò sí oríkèé tó dojú kọ òmíràn. Mo rò pé Mò-ń-Bọ̀ yóò ti lọ, ṣùgbọ́n ó dúró. Ó fi han ìyàwó mi bí a ṣe ń fi okùn rọ́bà dì wọ́n mọ́ igi irin kan, kí wọ́n má máa jà bí ọkọ̀ bá wọ kòtò. Ó mú okùn náà jáde látinú àpò ara rẹ̀.

“Màmá, ṣé ẹ ò ní gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí?”

“Bí o bá ń dé nígbà tí o bá ní o ń bọ̀, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ?”

Nígbà tó ń lọ, ó ní kí n mú owó àyẹ̀wò wá. Mo wò ó. Ó ní àwàdà lòun ń ṣe.

Mo dá orí bátìrì padà, a dé ìbòrí, a tẹ rìmóòtù. “Pí.” A dúró títí Tíṣà fi ké láti inú ilé rẹ̀ pé ṣé olè ti jáde ni. Lọ́jọ́ Àìkú, ìyàwó mi wa ọkọ̀ náà gba gbogbo ojú ọ̀nà tó burú ládùúgbò wa, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mò ń ro iye epo. Kò sí ohun tó tú.

Lọ́jọ́ Ajé, a dé ilé ìwòsàn láago mẹ́jọ. Ìyàwó mi ti ọkọ̀, ó tẹ rìmóòtù, ó mú téèpù ìwọnṣọ rẹ̀, ó gun òkè lọ bá Mátírọ́ọ̀nù. Èmi dúró lábẹ́ igi kan. Ìwé ìròyìn wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n awò ojú mi wà lórí àga ọkọ̀. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lápò mi. Mo rìn lọ, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, mo ṣí i.

Gbogbo ilé ìwòsàn ló gbọ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ti di bẹ́líìtì mi mú lẹ́yìn kí n tó rántí ohun tí mo ṣe.

“Bàbá! Àgbàlagbà bíi tiyín!”

“Ọkọ̀ mi ni!”

“Ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ nìyẹn.”

Fèrèsé ń ṣí lókè. Mo rí fìlà funfun Mátírọ́ọ̀nù, mo sì rí ìyàwó mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ta nìyẹn, Ìyá Aránṣọ?” Bó ṣe ń béèrè, ìyàwó mi tẹ rìmóòtù, ariwo dákẹ́, gbogbo àgbàlá sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

“Ọkọ mi ni, Mà.”

“Ṣé òun ló gbé ti oṣù tó kọjá?”

“Bó bá jẹ́ òun ni, Mà, ẹ̀yin náà ì bá ti gbọ́ iye tó tà á.”

Ẹ̀rín bú jáde láti fèrèsé dé fèrèsé. Ẹ̀ṣọ́ náà tú bẹ́líìtì mi sílẹ̀, ó sì bá mi tún un tò. Mo rí i tí Mátírọ́ọ̀nù ń fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀, níbi sítọ́ọ̀, tó ń bá nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì náà fi sọ̀ kalẹ̀ tòun ti kọ́kọ́rọ́.

“Bàbá, wọ́n ní kí ẹ wá gbé aṣọ ogójì nọ́ọ̀sì. Wọ́n tún ní bí Màmá bá ṣe ìwọ̀nyí tán, ti àwọn ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn ló kàn.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi àti ẹ̀ṣọ́ náà lọ, tí a bọ̀, kí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó kún. Ìyàwó mi wá, ó fọwọ́ kan aṣọ tó wà lókè.

“Èyí yóò sún kì,” ni ó wí. “A ó kọ́kọ́ fọ gbogbo rẹ̀.”

“Ogójì? Omi ńkọ́? Ọṣẹ ńkọ́?”

“Bàbá wọn, ẹ wọlé ká máa lọ.”

Mo wọlé.